Ta ló ni ilé tí àlùfáà tó ti fẹ̀yìntì ń gbé?

Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà rìn jìnnà kí wọ́n tó lówó. Aṣọ ni wọ́n ń tà láwìn láti ìlú dé ìlú, èrè rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wọn sì fi kọ́lé sí Iléṣà. Àlùfáà náà ń rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ìrìn tirẹ̀ kì í sábà bí ilé. Ìjọ ló ń rán an lọ, inú ilé ìjọ ló sì ń gbé níbikíbi tó bá dé. Lọ́jọ́ tó bá fẹ̀yìntì, yóò kó ẹrù jáde kí ẹni tó ń bọ̀ lè wọlé. Ní ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Nàìjíríà, bíṣọ́ọ̀bù pàápàá kì í kọjá 70 ọdún lẹ́nu iṣẹ́. Ẹni 70 ọdún kọ́ ló yẹ kó ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá yàrá tí yóò háyà kiri àdúgbò Ìsọ̀kùn ní Iléṣà. Nítorí irú wọn ni àwọn ìjọ kan ṣe ń kọ́ ilé sílẹ̀ fún àwọn àlùfáà tó ti fẹ̀yìntì. Ìjọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dá bọ́ọ̀dù owó ìfẹ̀yìntì sílẹ̀ láti 1926, bọ́ọ̀dù yẹn ló sì ń bá àwọn àlùfáà wọn wá ibùgbé.

Kíkọ́ ilé ò ṣòro tó mímọ ẹni tó ni ín. Orúkọ tó wà lórí ìwé ilẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dá lé. Bí ìjọ bá ra ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, ó rọrùn kí wọ́n kọ orúkọ Baba Ìjọ sí rìsíìtì, torí òun ló bá àwọn onílẹ̀ dúnàádúrà. Ogún ọdún lẹ́yìn náà, Baba á ti lọ. Àwọn ọmọ á ṣí àpótí, wọ́n á bá rìsíìtì níbẹ̀, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n á sì rí. Wọn kì í ṣe olè. Ohun tí ìwé sọ ni wọ́n ń sọ. Ìjọ á wá máa pe àwọn àgbààgbà láti jẹ́rìí, àwọn tó sì mọ̀dí ọ̀rọ̀ náà ti lè kú tán.

Ohun tí òfin ṣe sí i ni àwọn alágbàtọ́jú tó ń di ilé àti ilẹ̀ mú fún ìjọ, àwọn tí gbogbo wa ń pè ní trọ́stíì. Apá F nínú òfin ilé-iṣẹ́ ti 2020 ló sọ bí wọ́n ṣe ń forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ CAC. (CAC yìí kì í ṣe ìjọ Àpósítélì Krístì tí iná ìsọjí rẹ̀ ràn ní Òkè-Oòyè ní Iléṣà níbí lọ́dún 1930, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń forúkọ ilé-iṣẹ́ àti ẹgbẹ́ sílẹ̀ ni.) Bí wọ́n bá ti forúkọ sílẹ̀, gbogbo wọn di ẹyọ ẹnì kan lójú òfin, ẹni tí kì í kú, tó lè ra ilẹ̀, tó sì lè pe ẹjọ́. Orúkọ ẹni yẹn ló yẹ kó wà lórí rìsíìtì. Trọ́stíì kan lè kú lónìí, kí òmíràn gorí àga rẹ̀ lọ́la, ilé ò ní í tìtorí ẹ̀ yí ọwọ́ padà. Bí wọ́n bá sì fẹ́ tà á, wọn ò lè dá a ṣe: òfin ilẹ̀ ti 1978 ní kí gómìnà fọwọ́ sí i ná.

Kí wọ́n tó forúkọ sílẹ̀, wọ́n gbọ́dọ̀ ní ìwé òfin ẹgbẹ́, wọ́n sì gbọ́dọ̀ polongo nínú ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ méjì, kí ẹni tí kò bá fara mọ́ wọn lè sọ tẹnu rẹ̀ láàárín 28 ọjọ́. Ọmọdé kò lè ṣe trọ́stíì, bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí wọ́n dá lẹ́bi jìbìtì láàárín ọdún márùn-ún ṣáájú. Òfin kò gbà kí ọmọ ìgbìmọ̀ tó ń darí ẹgbẹ́ náà máa gba owó oṣù. Owó tó bá ti àpò ara rẹ̀ ná ni wọ́n lè dá padà fún un, tàbí owó tó mọ níwọ̀n bó bá ṣiṣẹ́ kan fún wọn. Níbi owó iṣẹ́ yẹn gan-an ló yẹ kí ojú là. Bí ọmọ ìgbìmọ̀ bá ń ta búlọ́ọ̀kù, tí wọ́n sì fẹ́ ra búlọ́ọ̀kù, kó sọ ọ́ kí ọ̀rọ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kó jáde síta, kí akọ̀wé sì kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé ó jáde.

Èyí tó nira jù fún wa ni ìjókòó fúnra rẹ̀. Ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe tọ́ wa. Bí Baba Bíṣọ́ọ̀bù bá ti ní, “Àlùfáà báyìí ni kí ẹ fún nílé yẹn,” ta ni yóò ní kò rí bẹ́ẹ̀? Alága tó mọṣẹ́ á bẹ̀bẹ̀ pé, “Baba, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ gbọ́ tàwọn ọmọ,” á sì fi ọ̀rọ̀ Baba ṣe àsọkẹ́yìn. Ó sàn kí gbogbo wọn kọ èrò wọn sínú ìwé kí ẹnikẹ́ni tó lanu: ọdún mélòó ló fi sìn, ṣé ó ní ilé tirẹ̀, ara rẹ̀ ńkọ́, ta ló ń tọ́jú? Mo gbà pé ìgbìmọ̀ tí kò ní agbẹjọ́rò, olùṣírò owó, nọ́ọ̀sì àti ó kéré tán ìyàwó àlùfáà kan kò tíì pé. Nọ́ọ̀sì ni yóò sọ pé ilé ilẹ̀ ni kí wọ́n kọ́, kì í ṣe pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, kí wọ́n fi irin tí ọwọ́ lè dì mú sí ilé ìyàgbẹ́, kó má sì jìnnà jù sí ọsibítù Wesley Guild.

Owó kíkọ́ máa ń yá ju owó àtúnṣe lọ. Ẹni tó ń ṣọrẹ fẹ́ rí òkúta ìpìlẹ̀. Kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n kọ orúkọ òun sára páànù tí wọ́n pààrọ̀. Ìdí nìyẹn tí ìgbìmọ̀ fi gbọ́dọ̀ ya owó àtúnṣe sọ́tọ̀, kí wọ́n sì wọ inú ilé kọ̀ọ̀kan lọ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n gbójú sókè wo sílíǹgì. Àmì omi aláwọ̀ ilẹ̀ kan á wà níbẹ̀, abọ́ á wà lábẹ́ rẹ̀, Màmá á sì ní kò sí nǹkan kan, torí wọn ò fẹ́ yọ ìjọ lẹ́nu. Lọ́dọọdún, láàárín 30 oṣù kẹfà sí 31 oṣù kejìlá, wọ́n tún gbọ́dọ̀ fi ìròyìn ọdún ránṣẹ́ sí CAC. Bí ẹgbẹ́ bá sì tú ká pàápàá, wọn ò lè pín ilé láàárín ara wọn. Ẹgbẹ́ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ló máa ń lọ fún.

Ìwé tí àlùfáà ń fọwọ́ sí lọ́jọ́ tó gba kọ́kọ́rọ́ ló ṣẹ́kù. Ó ní láti yé wọn pé ẹ̀tọ́ láti gbé ni wọ́n gbà, kì í ṣe ilé, nítorí náà kò sí nínú ogún ọmọ. Gbólóhùn kan wà tí kò gbọ́dọ̀ sọnù nínú rẹ̀: bí Baba bá ṣáájú, Màmá ò ní í kúrò nílé. Bí ìwé bá dákẹ́ lórí èyí, àánú ìgbìmọ̀ tó bá wà nípò lọ́jọ́ náà ni opó yóò máa wò, pẹ̀lú aṣọ ọ̀fọ̀ lọ́rùn. Méjì ni kí wọ́n tẹ ìwé náà. Ọ̀kan á wà nínú fáìlì ìgbìmọ̀, kí wọ́n fi èkejì lé Màmá lọ́wọ́, kí wọ́n sì kà á fún wọn lédè Yorùbá kí wọ́n tó fọwọ́ sí i.