Fọ́tò kọ́ ni ẹ̀rí: bí a ṣe mọ̀ pé 51 Pegasi b wà

Àwòrán kan wà tó máa ń lọ káàkiri lórí Facebook àti WhatsApp: pílánẹ́ẹ̀tì ràbàtà kan tó pọ́n bí irin inú iná alágbẹ̀dẹ, àwọsánmà tò ní ìlà-ìlà sí i lára, ìràwọ̀ rẹ̀ sì ń jó lala lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á kọ ọ́ síbẹ̀ pé awò awọ̀nàjíjìn ti ya fọ́tò 51 Pegasi b, tàbí WASP-39b, tàbí HD 189733 b, àwọn pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí ìràwọ̀ mìíràn ká, kì í ṣe oòrùn wa. Ọ̀pọ̀ ló gbà bẹ́ẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá sọ fún wọn pé ayàwòrán ló yà á, pé kámẹ́rà kọ́, àwọn kan a fò sí òdìkejì: "Irọ́ ni gbogbo rẹ̀ nígbà náà." Ìròyìn ò tó àfojúbà, ni wọ́n á wí.

Orí àṣìṣe kan náà ni àwọn méjèèjì dúró lé, pé a ò lè mọ̀ pé nǹkan wà àfi tí a bá fojú rí i. Kò sẹ́ni tó tíì rí 51 Pegasi b rí. Lára ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ rẹ̀ la ti kà á, àwòrán sì tẹ̀yìn ẹ̀rí dé. Àwọn iléeṣẹ́ bíi NASA máa ń kọ ọ́ sábẹ́ irú àwòrán bẹ́ẹ̀ pé iṣẹ́ ayàwòrán ni, ṣùgbọ́n ìlà yẹn ló máa ń já dànù bí àwòrán bá ti ń bọ́ láti ọwọ́ kan sí òmíràn.

Ẹ jẹ́ ká wo ìdí tí kámẹ́rà ò fi lè yà á. Ìràwọ̀ tó jọ oòrùn wa ni 51 Pegasi, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sì máa ń rin nǹkan bí 50 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Àlàfo tó wà láàrin òun àti pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú ogún àlàfo tó wà láàrin ayé àti oòrùn. Ẹ fi ojú inú wo fìtílà kan tó ń jó ní Monrovia, tí kòkòrò kan ń fò yí i ká ní ìwọ̀n ìbú àtàǹpàkò sí i, kí ẹni tó dúró sí Èkó wá fẹ́ ya kòkòrò náà sọ́tọ̀ kúrò lára fìtílà. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Àlàfo tó kéré jù lọ tí awò Hubble lè yà sọ́tọ̀ tó nǹkan bí ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún èyí.

Òótọ́ ni pé a ní ojúlówó fọ́tò àwọn pílánẹ́ẹ̀tì mìíràn. Àwọn tó ń yí ìràwọ̀ HR 8799 ká, tí wọ́n kéde ní 2008, wà lára wọn. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nyẹn jìnnà gan-an sí ìràwọ̀ wọn, wọ́n sì ṣì jẹ́ ọmọdé débi pé ooru tí wọ́n bá jáde nígbà tí wọ́n ń dá ṣì ń tàn lára wọn. Nínú fọ́tò náà, ẹ̀kán ìmọ́lẹ̀ tóótòòtó lásán ni wọ́n. Kò sí àwọsánmà, kò sí ìlà kankan lára wọn.

Báwo la ṣe wá mọ ti 51 Pegasi? Bí àgbàlagbà bá di ọmọdé mú lọ́wọ́ méjèèjì, tó ń fì í yí po, ẹsẹ̀ àgbà náà kì í dúró lójú kan. Òun náà á máa yí òbìrí kékeré bí ọmọ ṣe ń yí òbìrí ńlá. Bẹ́ẹ̀ náà ni agbára òòfà pílánẹ́ẹ̀tì ṣe ń fi ìràwọ̀ rẹ̀. Nígbà tí ìràwọ̀ bá ń bọ̀ sọ́dọ̀ wa, ìgbì ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á sún kì. Nígbà tó bá ń padà sẹ́yìn, ìgbì náà á fẹ̀. Ohun tó ń mú kí ohùn hóòn ọkọ̀ ga nígbà tó ń sáré bọ̀, kó sì wálẹ̀ nígbà tó bá kọjá wa, náà nìyẹn.

Ẹ̀rọ kan máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ palẹ̀ bí òṣùmàrè. Nínú òṣùmàrè yẹn, àwọn ìlà dúdú tíntìntín wà níbi tí irin, calcium àti àwọn èròjà mìíràn lára ìràwọ̀ ti gbé ìmọ́lẹ̀ mì. Àwọn ìlà yìí la ń ṣọ́ bóyá wọ́n sún. Pílánẹ́ẹ̀tì 51 Pegasi ń mú kí ìràwọ̀ náà máa bọ̀, kó sì máa padà, ní ìwọ̀n mítà 56 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tó jẹ́ nǹkan bí 200 kìlómítà ní wákàtí kan. Lójú mọ́tò, eré ńlá nìyẹn. Lójú ìmọ́lẹ̀, kò tó nǹkan: ìlà kọ̀ọ̀kan sún ní ìwọ̀n ìdá kan nínú mílíọ̀nù márùn-ún gígùn ìgbì rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ò lè fi irú èyí hàn, nítorí náà ni ẹ̀rọ ELODIE tí Michel Mayor àti Didier Queloz, àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ tó ṣàwárí 51 Pegasi b, lò ní Haute-Provence, ní ilẹ̀ Faransé, ṣe ń pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà pọ̀ ṣe ìṣirò kan. Awò tí ẹ̀rọ náà so mọ́ ní dígí tó fẹ̀ tó mítà 1.93. Okùn gíláàsì méjì ló ń gbé ìmọ́lẹ̀ wọlé: ọ̀kan gbé ti ìràwọ̀, èkejì gbé ti iná thorium tí a ti mọ àyè ìlà rẹ̀ dájú. Bí ooru tàbí òtútù bá mú kí ẹ̀rọ náà yẹ̀, ìlà méjèèjì ló máa yẹ̀ pọ̀, a ó sì lè yọ ìyẹn kúrò.

Ó ku èyí tó ti dójú ti àwọn ọ̀jáfáfá rí. Ayé tí a dúró sí ń sáré yí oòrùn ká ní ìwọ̀n 30 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ìyẹn ju ìlọ́po 500 ohun tí a ń wá. A gbọ́dọ̀ yọ eré yìí kúrò pátápátá. Ní 1991, onímọ̀ ìràwọ̀ Andrew Lyne àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kéde pílánẹ́ẹ̀tì kan tó ń yí PSR 1829-10 ká ní oṣù mẹ́fà mẹ́fà. Òkú ìràwọ̀ tó ń pòòyì bí òkòtó ni PSR 1829-10, àkókò tí ìgbì rẹ̀ ń dé ni wọ́n sì ń kà, wọn ò wo ìlà òṣùmàrè. Oṣù mẹ́fà jẹ́ ìdajì ọdún ayé gan-an. Ìṣirò ìrìn ayé ni ò pé. Pílánẹ́ẹ̀tì kankan ò sí níbẹ̀. Ní January 1992, Lyne dìde níwájú àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀, ó jẹ́wọ́ àṣìṣe náà, wọ́n sì pàtẹ́wọ́ fún un. Ó tọ́ sí i.

Queloz, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, kọ́kọ́ rò pé ẹ̀rọ òun ló bàjẹ́. Èrò tó mọ́gbọ́n dání ni. Ọdún 12 ni Júpítà, pílánẹ́ẹ̀tì tó tóbi jù lọ lọ́dọ̀ oòrùn wa, fi ń yí oòrùn ká lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ nǹkan tó wà níwájú rẹ̀ yìí ń yí po ní ọjọ́ 4.23 péré. Nígbà tí ìràwọ̀ náà bọ́ sẹ́yìn oòrùn, wọn ò lè wò ó mọ́, wọ́n wá ṣírò ibi tí ìlà yẹ kó wà nígbà tó bá padà yọ. Ní July 1995 ó padà yọ, ibi tí wọ́n sọ gan-an ni ìlà náà wà. Ní October 6, 1995 ni wọ́n kéde rẹ̀ ní Florence, ní ilẹ̀ Ítálì. Láàrin ọjọ́ díẹ̀, Geoffrey Marcy àti Paul Butler ti fi awò Lick ní California rí ohun kan náà.

Síbẹ̀, àríyànjiyàn ò tán. Bí ìràwọ̀ bá ní àbàwọ́n dúdú lára, tàbí tí ara rẹ̀ ń wú tó ń fọn, ó lè dà bíi pé ìlà ń sún. Ọ̀nà tí a fi ń mọ ìyàtọ̀ ni pé kí a wo ojú ìlà náà: bó bá jẹ́ pílánẹ́ẹ̀tì, gbogbo ìlà á sún lódindi láì yí ìrísí padà, bó bá jẹ́ ara ìràwọ̀, ìlà á wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ní 1997, onímọ̀ ìràwọ̀ David Gray sọ pé òun rí i tí ìrísí ìlà náà ń yí padà. Ní 1998, àkọsílẹ̀ tó mọ́ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fi hàn pé kò yí padà, Gray fúnra rẹ̀ sì fọwọ́ sí i. Ní 2019, Mayor àti Queloz gba ìdajì ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì.

Ọ̀nà yìí ní ibi tó kù sí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀nà tí pílánẹ́ẹ̀tì ń gbà yí po dagun sí wa, apá kan eré náà la máa rí. Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ pé 51 Pegasi b wúwo tó nǹkan bí ìdajì Júpítà "ó kéré tán".

Ohun tó dí ihò yìí ni òjìji. Ní 1999, ikọ̀ méjì rí i pé ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ HD 209458 ń dín kù ní ìwọ̀n bí ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún, fún nǹkan bíi wákàtí mẹ́ta, ní ọjọ́ mẹ́ta àbọ̀ mẹ́ta àbọ̀: pílánẹ́ẹ̀tì ń kọjá níwájú ìràwọ̀. Awò tí David Charbonneau àti Timothy Brown lò ò ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ ní fífẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ tó dín kù bá ṣe pọ̀ tó ló ń sọ bí pílánẹ́ẹ̀tì ṣe tóbi tó. Ẹ fi ìyẹn pẹ̀lú ìwúwo rẹ̀, ẹ ó rí i pé ó tóbi ju Júpítà lọ àmọ́ kò wúwo tó o. Gáàsì ni.

Ẹni tó bá ní awò sẹ̀ǹtímítà 20, kámẹ́rà tó ń tutù, àti ẹsẹ̀ awò tó ń tẹ̀ lé ìràwọ̀, lè ka irú òjìji yìí fúnra rẹ̀. HD 189733 b dára fún ìbẹ̀rẹ̀: ìmọ́lẹ̀ ń dín ní ìdá 2.4 nínú ọgọ́rùn-ún, fún bíi wákàtí méjì, ní ọjọ́ 2.2 lọ́jọ́ 2.2. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan ṣáájú, ẹ má sì dáwọ́ dúró títí wákàtí kan á fi kọjá lẹ́yìn rẹ̀, torí láìsí ìmọ́lẹ̀ tó dúró déédéé ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, kò sí ohun tí ẹ ó fi wọn ihò àárín. Ẹ jẹ́ kí ìràwọ̀ fẹ̀ díẹ̀ lójú kámẹ́rà kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ má bàa kún ojú kan ṣoṣo ní àkúnwọ́sílẹ̀. Pàtàkì jù lọ: ẹ má ka ìràwọ̀ náà nìkan. Ẹ pín ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ sí ti àwọn ìràwọ̀ mìíràn tó wà nínú fọ́tò kan náà. Bí kùrukùru tàbí eruku ọyẹ́ bá kọjá, gbogbo wọn ló máa ṣú pọ̀, ìpín náà ò ní yẹ̀. NASA ní ètò kan, Exoplanet Watch, tó ń gba irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn.

Òjìji náà ló fún wa ní afẹ́fẹ́ tó bo pílánẹ́ẹ̀tì. Díẹ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ máa ń gba inú afẹ́fẹ́ yẹn kọjá, èròjà kọ̀ọ̀kan á sì gbé àwọ̀ tirẹ̀ mì, tí pílánẹ́ẹ̀tì á fi dà bíi pé ó tóbi díẹ̀ sí i ní àwọ̀ yẹn. Báyìí ni Hubble ṣe rí sodium, èyí tó wà nínú iyọ̀ ọbẹ̀, lára HD 209458 b, tí wọ́n sì kéde rẹ̀ ní ìparí 2001. Báyìí náà ni awò James Webb ṣe rí carbon dioxide lára WASP-39b ní 2022, lẹ́yìn náà sulphur dioxide, afẹ́fẹ́ imí ọjọ́, tí ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ níbẹ̀. Ní 2013, wọ́n mọ àwọ̀ HD 189733 b láì rí i: nígbà tó wọ ẹ̀yìn ìràwọ̀, ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ búlúù dín kù, ti àwọ̀ ewé ò dín. Búlúù ló jẹ́ nígbà náà.

Ní alẹ́ October, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, bí ẹ bá jìnnà sí iná ìlú, ìràwọ̀ mẹ́rin tó dá igun mẹ́rin sílẹ̀ máa wà lókè orí ní ilẹ̀ Yorùbá. Pegasus nìyẹn. Ní ẹ̀gbẹ́ ìwọ̀ oòrùn igun náà, ní agbedeméjì ìràwọ̀ méjì tó wà níbẹ̀, ìràwọ̀ kékeré kan wà níta díẹ̀ tí ojú lásán lè rí bí òkùnkùn bá kún dáadáa. 51 Pegasi ni. Bí ẹ bá padà wò ó lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin ó lé díẹ̀, pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti tún yí i po lẹ́ẹ̀kan.