Ẹni tí ẹ̀dọ̀ ń yọ lẹ́nu kì í fi ebi sùn

Bí dókítà bá ti sọ pé ẹ̀dọ̀ ènìyàn ti le, ohun tí ará ilé máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé kó ṣíwọ́ ẹran, ẹyin àti ẹ̀wà, kó máa mu ògì lásán, kó máa jẹ èso. Inú rere ni wọ́n fi ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n láàárín oṣù díẹ̀, ẹ̀bátí á ti jìn wọnú, itan á ti rù, ikùn tó kún fómi nìkan ni yóò máa yọ síwájú. Ebi ló ń pa irú ẹni bẹ́ẹ̀ lára, àìsàn ló ń gba ẹ̀bi rẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ ni àká ara. Bí a bá jẹun alẹ́ tán, ibẹ̀ ni ṣúgà inú oúnjẹ ń wọ̀ sí, ẹ̀dọ̀ á sì máa bù ú síta díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ẹ̀dọ̀ tó ti le, tó ti di kókó-kókó, kò rí àyè kó nǹkan pamọ́ tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí àkùkọ tó kọ, àká ti gbẹ, ara á wá bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ iṣan ara rẹ̀. Ohun tí òru kan ṣoṣo láìjẹun ń ṣe sí irú ara bẹ́ẹ̀, ó tó ohun tí ààwẹ̀ ọjọ́ méjì sí mẹ́ta ń ṣe sí ẹni tó lera.

Nítorí náà, oúnjẹ tó ṣe kókó jù ni èyí tí a ń jẹ kété kí a tó sùn: ègé búrẹ́dì mẹ́ta pẹ̀lú ife mílíìkì kan, tàbí ẹ̀kọ pẹ̀lú mọ́ínmọ́ín. Kí oúnjẹ afáralókun inú rẹ̀ ṣáà tó bíi gíráàmù 50. Lọ́sàn-án, kí wákàtí mẹ́rin má kọjá láìfẹnu kan nǹkan. Kò yẹ kó gbààwẹ̀ rárá. Ìsìláàmù pàápàá yọ̀ǹda aláìsàn nínú Ràmádáànì. (Ọ̀rá tó kóra jọ sínú ẹ̀dọ̀ ẹni tó sanra ní ìlànà tirẹ̀, ìyẹn gba kí ènìyàn fọn. Ẹ má da méjèèjì pọ̀.)

Iye purotéènì (èròjà inú ẹran, ẹja, ẹyin àti ẹ̀wà tó ń gbé iṣan ró) tó yẹ kò ṣòro láti ṣírò: gíráàmù 1.2 sí 1.5 lójúmọ́ fún kílò ara kọ̀ọ̀kan, láìka omi inú ikùn mọ́ ọn. Ẹni kílò 60, gíráàmù 72 ló kéré jù lójúmọ́. Ẹ wò ó nínú abọ́: ẹyin méjì láàárọ̀, 12, ife ẹ̀wà sísè kan lọ́sàn-án, bíi 15, ẹja tó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́, tó wọn gíráàmù 100, bíi 20, adìẹ tó wọn bákan náà, tí a ti yọ eegun rẹ̀, bíi 25. Ó pé. Òkìtì ẹ̀bà pẹ̀lú ẹran kékeré kan kò lè débẹ̀. Gààrí kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní purotéènì kankan.

Ìbẹ̀rù ẹran yìí kò ṣàdédé wá. Bí oró tí ẹ̀dọ̀ kò lè sẹ́ mọ́ bá gun orí aláìsàn, á máa tòògbé lọ́sàn-án, á máa sọ kántankàntan. Bí ẹ bá ní kó na ọwọ́ bí ẹni tó ń dá ọkọ̀ dúró, ọwọ́ náà á máa já wálẹ̀ bí ìyẹ́ ẹyẹ. Láyé àtijọ́, àwọn dókítà pàápàá máa ń dá ẹran lẹ́bi. A ti mọ̀ báyìí pé àìrígbẹ́yà, àkóràn, ẹ̀jẹ̀ tó ń dà nínú, tàbí oògùn amómijáde tó pọ̀ jù ló sábà ń fà á. Ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an, kẹ́ ẹ má gba ẹran lẹ́nu rẹ̀.

Iyọ̀ ni ọ̀tá gidi bí ikùn bá ti ń kún. Gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn ṣíbí tíì kan tó tẹ́jú, ni àpapọ̀ iyọ̀ inú ohun gbogbo tó wọ ẹnu. Kúùbù mágí kékeré kan wọn gíráàmù 4, bí ìdajì rẹ̀ ni iyọ̀. Ẹni tó já mẹ́ta sínú ọbẹ̀ tí òun nìkan fẹ́ jẹ ti jẹ iyọ̀ ọjọ́ náà tán, kó tó kan ìgò iyọ̀. Irú tí wọn kò fi iyọ̀ sí, àlùbọ́sà, ata àti ẹfinrin tó láti mú ọbẹ̀ dùn. Iyọ̀ tí wọ́n ń tà pé kò ní sódíọ̀mù, potassium ló sábà kún inú rẹ̀. Bí ẹni tó ń lo spironolactone, oògùn amómijáde kan, bá ń jẹ ẹ́, ó lè da ìlù ọkàn rẹ̀ rú.

Ẹ kíyè sí ohun inú ìgò. Kò sí oògùn tó ń fọ ẹ̀dọ̀. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, ẹ má mu ún bí àyẹ̀wò kò bá sọ pé irin dín, torí inú ẹ̀dọ̀ náà ni àjẹjù rẹ̀ ń kóra jọ sí. Bẹ́ẹ̀ ni fítámì A. Ata ilẹ̀ pupa (turmeric) inú ọbẹ̀ kò léwu, àmọ́ èyí tí wọ́n kì pọ̀ sínú kápúsù, àti kápúsù green tea fún ìfọnra, ti ba ẹ̀dọ̀ ẹni tó lera jẹ́ rí. Àgbo jẹ̀dí inú ògógóró, ìyà méjì ni. Fítámì D àti zinc ló sábà máa ń dín ní tòótọ́. Ẹ ṣe àyẹ̀wò kẹ́ ẹ tó rà. Parasítámọ́ọ̀lù mílígíráàmù 500, kó má ju mẹ́rin lọ ní wákàtí 24. Oògùn ìrora bí ibuprofen àti diclofenac, rárá. Kọfí, ẹ jẹ́ kó máa mu ún. Ife méjì sí mẹ́ta bá ẹ̀dọ̀ lára mu.

Ẹ̀pà àti àgbàdo tó ti bu ní oró tí sísun tàbí sísè kì í pa, ó sì burú jù fún ẹni tó ní hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí kòkòrò ń fà. Kẹ́ ẹ tó yan ẹ̀pà, ẹ ṣà á lójú oòrùn: èyí tó sún kì, tó yí àwọ̀, ẹ dà á nù, kẹ́ ẹ má kó o fún adìẹ. Èyí tó bá korò lẹ́nu, ẹ tu ú jáde.