Ìgbà Wo Lẹ San Owó Ìwòsàn Yín?

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Òmù-Àrán tú náílọ́ọ̀nù kékeré kan sílẹ̀ lórí tábìlì mi. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí odindi kan níbẹ̀. Ìyá ti fi bíléèdì la gbogbo rẹ̀ sí méjì-méjì, etí wọn ti rún, ìyẹ̀fun wọn ti lẹ̀ mọ́ náílọ́ọ̀nù. Ìlàjì kan lónìí, wọ́n á fo ọ̀la, ìlàjì mìíràn lọ́tunla. Mo de ẹ̀rọ ìfúnpá mọ́ wọn lápá: 190 lórí 110, ó ti ga jù.

"Sístà, kò sóhun tó ń ṣe mí o," ni wọ́n wí. "Bí mo bá ń lo odindi, kò ní í bá mi dé ọjọ́ tí owó èlùbọ́ á wọlé."

A jọ ṣírò ohun tí wọ́n ń ná nígbàkígbà tí wọ́n bá wá: owó mọ́tò àlọ àtàbọ̀, owó káàdì, owó àyẹ̀wò, ká tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dórí oògùn. Gbogbo rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ má pe ìyá yìí ní aláìgbọràn. Iye tó wà lápò wọn ni wọ́n gé oògùn náà mọ́.

Ọdún 22 rèé tí mo ti ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí. Ilé ìwòsàn ìjọba ni mo ti bẹ̀rẹ̀, mo lo ọdún 6 lọ́dọ̀ aládàáni kan n'Ílọrin, kí n tó padà sí ìhà ilé wa níbí. Ìdí nìyí tí àríyànjiyàn kan tí mo máa ń gbọ́ lórí rédíò, tí mo sì ń gbọ́ nínú mọ́tò, fi ń dùn mí: ti ìjọba ló dára ni, àbí ti aládàáni? Mo ti jẹun ní ilé méjèèjì. Ohun tí mo rí ni pé ọ̀rọ̀ ẹni tó ni ilé ìwòsàn kò lágbára tó ọ̀rọ̀ ìgbà tí wọ́n ń gbowó. Ṣé kí àìsàn tó dé ni, àbí nígbà tí aláìsàn ti nà sílẹ̀?

Lálẹ́ ọjọ́ kan, lọ́dọ̀ aládàáni tí mo wí yẹn, wọ́n gbé aboyún kan wọlé, ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀. Ẹni tó wà nídìí owó ní àfi kí ọkọ rẹ̀ kọ́kọ́ san dìpọ́síìtì. Ọkọ ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń pe ọ̀gá rẹ̀, ó ń pe alága ẹgbẹ́ wọn. Mo ti wọ gílọ́ọ̀fù, mo dúró. Nígbà tí tiransífà fi máa wọlé, ó ti tó ogójì ìṣẹ́jú. Ìyá yè, ọmọ kò yè. N kò tíì gbàgbé bí gílọ́ọ̀fù náà ṣe gbóná lọ́wọ́ mi.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé aládàáni ni mo ń bú. Níbi tí mo ti kúrò lọ́dọ̀ ìjọba, a kì í béèrè dìpọ́síìtì tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé la máa ń kọ fún ará ilé: owú, ṣirínjì, omi dírípù, gílọ́ọ̀fù, kí wọ́n sáré lọ rà á wá ní kẹ́míìsì òdìkejì títì. Ìṣẹ́jú tí ń lọ kò mọ orúkọ ẹni tó ni ilé.

Ẹ jẹ́ kí n fi òfin kan lé yín lọ́wọ́ níbí, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ọ́n. Òfin ìlera orílẹ̀-èdè Nàìjíríà tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún 2014 sọ pé kò sí ilé ìwòsàn kankan, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, tó gbọ́dọ̀ kọ aláìsàn pàjáwìrì nítorí ìdí yòówù. Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò ní ju oṣù 6 lọ, tàbí méjèèjì, ló wà fún ẹni tó bá rú u. Bí wọ́n bá dá yín dúró lẹ́nu ọ̀nà, ẹ dárúkọ òfin náà ketekete. Àmọ́ ilẹ̀kùn nìkan ni òfin yìí ṣí. Lẹ́yìn pàjáwìrì, bíìlì á dé.

Ẹ wá wo òkèèrè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti oṣù Keje ọdún 1948 ni owó orí ará ìlú ti ń gbọ́ bùkátà ilé ìwòsàn. Aláìsàn á wọlé, ẹnikẹ́ni ò ní bi í pé èló ló mú dání. Ní Japan, ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ìwòsàn ló jẹ́ ti aládàáni. Ṣùgbọ́n láti 1961 ni gbogbo ará ìlú ti wà nínú adójútòfò ìlera, ìyẹn owó ìwòsàn tí gbogbo wọn ń dá sílẹ̀ kí àìsàn tó dé, ìjọba ló sì ń dá iye lé ìtọ́jú kọ̀ọ̀kan, dókítà kò lè bu iye tó wù ú. Ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbé láyé níbẹ̀ tó nǹkan bí ọdún 84. Amẹ́ríkà ń ná nǹkan bí dọ́là 17 nínú gbogbo 100 tó ń wọlé fún orílẹ̀-èdè náà sórí ìwòsàn, síbẹ̀ ẹ̀mí wọn kò gùn tó ti Japan tàbí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Oúnjẹ àti ìbọn náà lọ́wọ́ nínú ti Amẹ́ríkà, n kò ní í bò ó. Ṣùgbọ́n èèyàn ń bẹ níbẹ̀ tó ń gé oògùn bíi ti ìyá ẹlẹ́lùbọ́ mi.

Kò yẹ ká lọ jìnnà tó bẹ́ẹ̀ ṣáá. Ní Kwara níbí, lọ́dún 2007, ètò adójútòfò kan bẹ̀rẹ̀ ní Shonga fún àwọn àgbẹ̀, ó sì dé Afọ̀n lẹ́yìn náà. Nígbà náà, àwọn ará ìlú ń san owó kékeré lọ́dún, ìjọba ìpínlẹ̀ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ láti Netherlands ń san ìyókù. Ilé ìwòsàn ìjọba wà nínú rẹ̀, ti aládàáni náà wà níbẹ̀. Àwọn olùwádìí wọn ìfúnpá àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru lágbègbè Afọ̀n lọ́dún 2009, wọ́n tún wọn ti àwọn tó ní in ní agbègbè Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ètò náà kò dé. Nígbà tí wọ́n padà lọ ní 2011, nọ́ńbà òkè ìfúnpá wọn ti wálẹ̀ ní nǹkan bí 10 lápá ibi tí ètò wà, ó sì wálẹ̀ ní nǹkan bí 5 péré níbi tí kò sí. Etí aláìmọ̀ lè gbọ́ ìyàtọ̀ márùn-ún yìí, kó ní márùn-ún kí ni. Ẹni tó ti bá wọn yí ẹni tí rọpárọsẹ̀ kọlù lórí bẹ́ẹ̀dì, tó ti rí ọmọ rẹ̀ tó fi ilé ẹ̀kọ́ sílẹ̀ kó lè máa gbé e lọ ilé ìwẹ̀, mọ ohun tí márùn-ún yẹn ń gbà sílẹ̀ nínú ìlú kan.

Ní Nàìjíríà, nínú náírà 10 tí a ń ná sórí ìwòsàn, ó tó 7 tó ń jáde lápò aláìsàn fúnra rẹ̀. Àwọn olórí ilẹ̀ Áfíríkà pàdé l'Ábújá ní 2001, wọ́n ṣèlérí 15 nínú 100 owó ìṣúná fún ìlera. Àwa tí a gbà wọ́n lálejò kò tíì mú un ṣẹ. Oṣù Karùn-ún 2022 ni òfin tuntun sọ adójútòfò ìlera di dandan fún gbogbo wa. Dandan orí ìwé ni títí di báyìí.

Àwọn oníbàárà mi máa ń wí pé, "Bí n kò bá ṣàìsàn, owó mi ti ṣòfò." Èésú ni wọ́n fi ń wé e, níbi tí oníkálukú ti ń kó tirẹ̀. Kì í ṣe èésú. Ó jọ owó tí ẹbí ń dá nígbà tí ọ̀ràn bá ẹnì kan, àfi pé èyí, a ti dá a sílẹ̀ kí ọ̀ràn tó dé.

Ìpínlẹ̀ wa ní àjọ adójútòfò ìlera tirẹ̀ báyìí. Ẹ mú NIN yín dání, ẹ forúkọ sílẹ̀ nígbà tí ara yín le. Ẹ béèrè oògùn tó wà nínú ètò náà àti èyí tí kò sí, pàápàá bí ẹ bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ilé ìwòsàn tí ẹ lè tètè dé lóru ni kẹ́ ẹ yàn, kì í ṣe èyí tó lórúkọ jù. Ẹ gba lẹ́tà lọ́wọ́ wọn kí ẹ tó lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì l'Ókè-Òyì, àfi tó bá jẹ́ pàjáwìrì. Bí wọ́n bá sì sọ pé oògùn ti tán nítorí pé káàdì adójútòfò lẹ mú wá, ẹ fẹjọ́ sùn lọ́dọ̀ àjọ náà. Ó ń ṣẹlẹ̀, ó sì ń bí mi nínú. Kí ìjọba náà má sì rò pé adójútòfò nìkan tó. Aládàáni kì í kọ́lé sí abúlé tí owó kò sí. Bí ilé ìlera ibẹ̀ kò bá ní nọ́ọ̀sì lóru, káàdì tó wà lọ́wọ́ ará abúlé, ìwé lásán ni.

Ìyá ẹlẹ́lùbọ́ forúkọ sílẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ ọlọ́jà wọn. Wọ́n padà wá lọ́sẹ̀ tó kọjá: 148 lórí 92. Kò tíì dé ibi tí mo fẹ́. Mo ní kí wọ́n tú náílọ́ọ̀nù wọn kí n wò ó. Odindi-odindi ni oògùn inú rẹ̀.