Bí dókítà bá kọ "severe" sórí káàdì ọmọ yín

Ọ̀rọ̀ kan wà lórí káàdì ọsibítù tí àwọn òbí máa ń kà lẹ́ẹ̀mejì kí wọ́n tó gbójú sókè wo àwa nọ́ọ̀sì: "severe". Àwọn kan gbà pé ikú ni dókítà fẹ́ sọ tó ń fi òyìnbó bò ó. Àwọn mìíràn, tí àwọn ló sì ń bà mí lẹ́rù jù, ò kà á sí rárá: ibà ni ibà ń jẹ́, ẹ fún un lóògùn ká máa lọ sílé. Ẹni àkọ́kọ́ lè gbé ọmọ sá kúrò ní wọ́ọ̀dù nítorí ìbẹ̀rù, ẹnì kejì lè gbé e lọ nígbà tí kò yẹ kó kúrò níbẹ̀.

Nínú Gẹ̀ẹ́sì ojoojúmọ́, líle ni severe ń sọ. Èdè Látìn ló ti wá, níbi tó ti ń tọ́ka sí ẹni tí ojú rẹ̀ le, tí kì í gba gbẹ̀rẹ́. Olú ọba Róòmù kan tiẹ̀ ń jẹ́ ẹ, Septimius Severus, tí wọ́n bí ní ilẹ̀ Líbíà òde òní, tó sì kú sí York ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 211. Ìtumọ̀ yẹn ò tíì kú: ìyà tí adájọ́ fi jẹni láìṣàánú, severe ni. Láti ibẹ̀ ló ti dé orí ọ̀dá, ìjì, òtútù àti ìrora. Ohun tó ń ni èèyàn lára ló ń bá rìn. Ẹ ò ní gbọ́ kí òyìnbó fi ṣàpèjúwe ayọ̀. Ẹ má sì jẹ́ kó dàrú mọ́ several, tó ń sọ pé nǹkan pọ̀ díẹ̀.

Ní ọsibítù, ọ̀rọ̀ náà ní òṣùwọ̀n. Dókítà kì í kọ ọ́ torí pé àánú ọmọ ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wo ibà. Ọmọ tí ara rẹ̀ gbóná, tó bì lẹ́ẹ̀kan, àmọ́ tó ń jókòó, tó ń mumi, tó mọ ìyá rẹ̀, ibà tirẹ̀ lè má tíì débẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti to àwọn àmì tá à ń wò. Kòkòrò ibà á wà nínú ẹ̀jẹ̀, ọ̀kan péré nínú àwọn àmì yìí á sì bá a rìn: à ń jí ọmọ, kò jí, tàbí kò mọ ibi tó wà mọ́; gìrì mú un ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ láàárín wákàtí 24; ọmọ tó ti ń jókòó ò lè dá jókòó mọ́; èémí rẹ̀ ń le; ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀ kọjá 40 mg/dl. Bí ọmọ ò bá tíì pé ọdún 12, tí kòkòrò ibà pọ̀ lẹ́jẹ̀ rẹ̀, tí PCV rẹ̀, ìyẹn òṣùwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tó lára, sì já wá sí ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún tàbí kó kéré jù bẹ́ẹ̀, òun náà ti wọ̀ ọ́. Gbígbóná ara nìkan kò tó. Bí ibà bá sì ti di severe, a kì í fi oògùn oníhóró bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ artesunate la ń gún: bó ṣe dé, lẹ́yìn wákàtí 12, lẹ́yìn wákàtí 24, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́ títí yóò fi lè gbé oògùn mì.

Fún aláboyún, ojú ẹ̀rọ ìfúnpá ni ìlà náà wà: 160 lókè tàbí 110 nísàlẹ̀. Fún ọmọ oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún tí oúnjẹ ò tó lára rẹ̀, téèpù tí a ń fi wọn apá ni: bí kò bá pé sẹ̀ǹtímítà 11.5, ibi pupa ló wà.

Acute ni wọ́n sábà máa ń fi pe severe, bẹ́ẹ̀ àsìkò ni acute ń sọ ní tirẹ̀. Àìsàn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Ọ̀finkìn tó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ yìí, acute ni, kò sì le. Orúnkún tó ti ń dun màmá láti ọdún mẹ́wàá, chronic nìyẹn, ó sì lè severe débi pé wọn ò ní lè dìde. Nínú orúkọ SARS, àìsàn tó jà lọ́dún 2003, S àkọ́kọ́ dúró fún severe, A sì dúró fún acute. Ká ní ohun kan náà ni wọ́n, wọn ì bá má kó méjèèjì sínú orúkọ kan.

Serious ló ń da àwọn tó kàwé gan-an láàmú. Severe ń wo bí nǹkan ṣe le tó lára. Serious ń wo ohun tó lè fà. Bí oògùn bá mú kí orí fọ́ yín burúkú, tó sì lọ nírọ̀lẹ́, ó severe, kò serious. Àmọ́ bí ohun tí oògùn fà bá gbé èèyàn dè sí ọsibítù, tó fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀, tó sọ ọ́ di abirùn tàbí tó ba ọmọ inú jẹ́, serious ni, bí ìrora rẹ̀ tiẹ̀ kéré. NAFDAC fẹ́ gbọ́ nípa méjèèjì, kí ẹ sọ ọ́ fún nọ́ọ̀sì tàbí apòògùn yín.

Nítorí náà, bí ẹ bá rí severe lórí káàdì, ẹ bi wá pé, "Àmì wo lẹ rí?" Ẹ̀tọ́ yín ni, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni jágbe mọ́ yín. Bó bá jẹ́ ibà ni, tí abẹ́rẹ́ parí, tí ọmọ ti ń jẹun, tó sì ń ṣeré, ACT, oògùn ibà tí wọ́n ń gbé mì, ọlọ́jọ́ mẹ́ta ṣì kù tó gbọ́dọ̀ lò tán. Ẹ rí i pé ó wà lọ́wọ́ yín kí ẹ tó kúrò ní wọ́ọ̀dù.