Àdán Kì Í Fi Ẹnu Yàgbẹ́

Ní Èkìtì, bí ó ti rí ní ọ̀pọ̀ ìlú Yorùbá, wọ́n máa ń sọ fún ọmọdé pé àdán kò ní ihò ìdí, àti pé ẹnu tó fi ń jẹun náà ló fi ń yàgbẹ́. Kì í ṣe irọ́ tí ẹnì kan jókòó hun. Ohun tí ojú rí ló bí i. Ẹni tó bá lọ sábẹ́ igi máńgòrò tàbí igi ọdán láàárọ̀ kùtù yóò rí ìṣù kéékèèké tí àmì eyín wà lára wọn, àdán ló sì tu wọ́n jáde lẹ́nu lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ìgbẹ́ kọ́ ni. Bí àdán bá já èso, yóò rún un, yóò fi ahọ́n tẹ̀ ẹ́ mọ́ àjà ẹnu títí omi rẹ̀ yóò fi jáde, yóò gbé omi náà mì, yóò sì tu èyí tó ṣẹ́kù dànù, gẹ́gẹ́ bí àwa náà ti ń ṣe ìrèké. Ìgbẹ́ rẹ̀ gan-an ń gba ihò ìdí jáde, nítorí ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú ni àdán, kì í ṣe ẹyẹ. Bí ó bá fẹ́ yàgbẹ́ níbi tó so rọ̀ sí, yóò fi èékánná àtàǹpàkò ìyẹ́ rẹ̀ di ẹ̀ka mú, yóò yí ara padà kí ìdí lè wá sísàlẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tún dorí kodò. Òru ló sì ń yà púpọ̀ nínú rẹ̀, lójú òfuurufú, níbi tí ojú wa kò tó.

Ní Accra, ní etíkun Ghana, níbi tí àdán ti ń pọ̀ lórí igi àyíká ilé ìwòsàn ológun tí wọ́n ń pè ní 37, àwọn onímọ̀ ẹranko a máa tẹ́ ọ̀rá sábẹ́ igi láti gba ìtọ̀ wọn fún àyẹ̀wò. Wọ́n tún ń fi àwọ̀n mú díẹ̀ nínú wọn, wọ́n sì ń so ẹ̀rọ kékeré mọ́ wọn lára kí wọ́n lè mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Irú iṣẹ́ yìí ló fi hàn pé irúgbìn wẹ́wẹ́ tí àdán gbé mì lè bá a rin ìrìn tó ju 70 kìlómítà lọ kó tó yà á sílẹ̀. Irúgbìn ìrókò wà lára wọn. Ó dùn mí gidigidi pé ẹranko tó ń gbin ìrókò, igi tí a ti gé fún pákó tó bẹ́ẹ̀ nínú igbó wa, ni a sọ di ohun ẹ̀gàn.

Síbẹ̀, itọ́ àti ìtọ̀ àdán lè ní kòkòrò àrùn nínú, nítorí náà kí a má ṣe fún ọmọdé ní máńgòrò tí eyín àdán ti kàn.