Àga wúwo kọ́ ló ń mú ọkọ̀ ojú omi dúró

"Ọ̀gá wẹ́dà, ẹ fi páìpù tó nípọn sí i, kó wúwo dáadáa, kí ọkọ̀ má baà máa fì." Ohun tí ẹni tó ra ọkọ̀ kékeré ẹlẹ́ńjìnnì máa ń sọ nìyẹn, tó bá gbé àga tòkunbọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù wẹ́dà n'Íbàdàn pé kí wọ́n bá òun tún un ṣe.

Àga tí mo ń sọ ni èyí tó máa ń wà lẹ́yìn ìdarí ọkọ̀, tó ga débi pé awakọ̀ lè wà lórí ìdúró kó sì fìdí tì í. Ọkọ̀ ojú òkun ni wọ́n dìídì ń ṣe é fún. Ìgbì ibẹ̀ máa ń ju èèyàn sókè, ẹni tó bá dúró á fi orúnkún gbà á, ẹ̀yìn rẹ̀ ò ní í jẹ̀yà. Ṣùgbọ́n ìgbì wo ló wà lórí adágún Elẹ́yẹlẹ́, tí wọ́n sé Odò Ọ̀nà fún ní 1942, tí ọkọ̀ ẹsẹ̀ bàtà 14 fi nílò irú àga bẹ́ẹ̀?

Mi ò ní í sọ pé irọ́ pátápátá ni ìgbàgbọ́ yẹn. Ọkọ̀ tí wọ́n bá kó yanrìn tàbí àpò gaàrí sí máa ń dúró ju òfìfo lọ lóòótọ́. Inú ikùn ọkọ̀ ni ẹrù yẹn wà, kò sí lókè. Ẹ wo Mícrà tó kó iṣu kún búùtù, kí ẹ sì wo èyí tó di iye iṣu kan náà sórí òrùlé. Méjèèjì ò lè gba kọ́nà Mọ́kọ́lá bákan náà.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká ní ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì àti èèyàn méjì jẹ́ kílò 500 lápapọ̀, kí àwọn èèyàn yẹn sì kó 150 nínú rẹ̀. Bí àga bá fi sẹ̀ǹtímítà 40 gbé àwọn méjèèjì ga ju ibi tí wọn ì bá jókòó sí lọ, ojúkò ìwúwo gbogbo ọkọ̀, ìyẹn ibi tí gbogbo ìwúwo rẹ̀ ti pàdé, á fi sẹ̀ǹtímítà 12 gòkè. Fún ọkọ̀ tí kò fẹ̀ ju mítà kan ààbọ̀ lọ, ìyẹn kì í ṣe kékeré. Tí ọkọ̀ bá fì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi abẹ́ ẹ̀gbẹ́ yẹn ló ń tì í padà. Bí ojúkò ìwúwo bá ṣe ń ga sí i ni agbára ìtìpadà yẹn ń dín kù, títí ọkọ̀ á fi dojú dé. Àga onírin tí ẹ tún wá gbé lé e, ẹ̀yìn ta ló wà? Kò sí lẹ́yìn yín.

Ní ọjọ́ 24 oṣù Keje ọdún 1915, ọkọ̀ Eastland dojú dé nínú odò Chicago l'Amẹ́ríkà. Wọn ò tíì tú okùn rẹ̀ tán ní èbúté o! Èèyàn 844 ló kú. Ọkọ̀ náà ti ń fì tipẹ́, kí wọ́n tó tún gbé àfikún ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà sókè rẹ̀ lọ́dún yẹn, torí ọkọ̀ Titanic tó rì ní 1912, tí ọkọ̀ ìgbẹ̀mílà rẹ̀ ò tó èèyàn inú rẹ̀. Ohun tó yẹ kó gbà wọ́n là ni wọ́n gbé sókè.

Kí la wá máa ṣe sí àga náà? Gígé ni. Ẹ gé ẹsẹ̀ rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, kí ibi ìjókòó má ga ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 lọ, kí awakọ̀ máa jókòó sí i. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ fi àpótí lásán dán ìwọ̀n yẹn wò nínú ọkọ̀: ṣé ọwọ́ tó ìdarí, ṣé ojú sì rí iwájú? Irin tí a gé kì í hù padà. Àpótí àti ibi ìkọ́ ọ̀pá ìpẹja tí wọ́n so mọ́ ẹ̀yìn àga, ẹ tú wọn kúrò. Kí ẹ sì sún àga náà síwájú díẹ̀, torí ẹ́ńjìnnì àti epo ti wà lẹ́yìn. Bí àga bá tún bá wọn níbẹ̀, imú ọkọ̀ á gbéra sókè.

Alumíníọ̀mù ni ọ̀pọ̀ àwọn àga yìí. Ẹ má jẹ́ kí wẹ́dà fi páìpù irin lásán kún un, irin fẹ́rẹ̀ẹ́ wúwo jù ú lọ ní ìlọ́po mẹ́ta. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń lo gáàsì argon ni kó bá yín jó o. Iná máa ń sọ alumíníọ̀mù di rírọ̀ ní àyíká ibi tí wọ́n jó, torí náà ẹ ní kó fi ìtìlẹ́yìn sí i.

Skúrù tí wọ́n kàn fi gún fáíbà ilẹ̀ ọkọ̀ ò lè di àga náà mú. Bóòtù tó yọ sí òdìkejì ló yẹ, pẹ̀lú páànù fífẹ̀ lábẹ́ nọ́ọ̀tù. Ẹ wò ó: bí èèyàn bá fi agbára kílò 50 fara ti òkè àga tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 90, tí ẹsẹ̀ iwájú àti ẹ̀yìn sì jìnnà síra ní 40, bóòtù ẹ̀gbẹ́ kan á máa gba ìfàsókè tó tó kílò 112. Tí ẹ bá gé àga náà sí 45, ó di 56.

Lẹ́yìn èyí, ẹ so ọkọ̀ mọ́ etí omi, kí ẹ wọ ẹ̀wù ìgbẹ̀mílà, kí ẹni méjì sún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Bí etí ọkọ̀ bá ń fẹ́ kan omi, ẹ padà sọ́dọ̀ wẹ́dà, kó tún gé e sí i.