Kóòdù ṣí sílẹ̀, ṣé dandan ni kí wiki náà ṣí?

"Ṣebí open source ni iṣẹ́ yín? Kí ló wá dé tí ẹ ti wiki mọ́ mi?" Ọ̀rọ̀ yìí kì í wọ́n lẹ́nu àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí iṣẹ́ open source, ìyẹn sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ènìyàn. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá lẹ́tọ̀ọ́ sí kóòdù ti lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ ohun tó bá wù ú sójú ewé wiki, ìyẹn ìkànnì tí àwọn òǹkàwé lè tún kọ fúnra wọn.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí ìwé àṣẹ sọ́fítíwíà bíi GPL fún ọ ni pé kí o lo kóòdù, kí o ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí o tún un ṣe, kí o sì pín in. Ẹ̀dà tìrẹ lọ̀rọ̀ wà lé lórí. Ẹni tó kọ́ ọ bí òun ṣe ń se gbẹ̀gìrì kò ní kí o wá máa bu iyọ̀ sí ìkòkò òun lórí iná.

Wiki ló da ọ̀rọ̀ rú. Nígbà tí Ward Cunningham dá wiki àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní 1995, ohun tó fẹ́ ni pé kí ẹni tó ń kà á lè tún un kọ lójú ẹsẹ̀. Ó dùn mọ́ni, títí àwọn oníspam, àwọn tó ń lẹ ìpolówó tí ẹnikẹ́ni ò béèrè kiri, fi rí i pé líǹkì tí wọ́n bá lẹ̀ mọ́ irú ojú ewé bẹ́ẹ̀ lè gbé wọn sókè nínú Google.

Spam nìkan kọ́ o. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kejìlá ọdún 2012, ẹnìkan gba ihò kan nínú MoinMoin, sọ́fítíwíà tó gbé wiki Python (èdè ìkọ kóòdù kan) ró, wọ inú sáfà, kọ̀ǹpútà tí wiki náà wà lórí rẹ̀; nígbà tó yá, ó pa àwọn fáìlì wiki náà rẹ́. Ẹni tó bá láṣẹ láti kọ nǹkan sójú ewé ni ihò yẹn ń gbà wọlé. Ẹ ò rí i pé àṣẹ àtúnṣe kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìgbéraga lásán.

Síbẹ̀, títì í pa pátápátá náà ní wàhálà tirẹ̀. Ẹni tó kọ kóòdù kì í sábà rí ibi tí ọmọ tuntun ti ń kọsẹ̀. Ọmọ tuntun ló mọ̀ ọ́n. Ọgbọ́n tí ArchWiki, wiki àwọn tó ń lo Arch Linux, dá nígbà kan wù mí: kí o tó lè ní àkáǹtì, wọ́n á ní kí o sáré tẹ àṣẹ kan sínú kọ̀ǹpútà rẹ, kí o sì mú èsì rẹ̀ wá. Wọn ò béèrè ìwé ẹ̀rí, wọn ò béèrè ọ̀gá tó mọ̀ ọ́. Lórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ti ń tọ́jú kóòdù, àwọn alábàáṣiṣẹ́ nìkan ni wiki máa ń gbà láyè àyàfi bí oníṣẹ́ bá yọ àmì kan kúrò nínú ètò rẹ̀. Ní ti Python, nígbà kan, ńṣe lo máa ń bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n fi orúkọ rẹ sínú ẹgbẹ́ àwọn olóòtú.

Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Abẹ́ GNU FDL, ìwé àṣẹ tó dà bí GPL ṣùgbọ́n tó wà fún àkọsílẹ̀, ni ohun tó wà nínú ArchWiki wà. Ṣe ẹ̀dà rẹ̀, gbé e sórí sáfà tìrẹ lábẹ́ ìwé àṣẹ kan náà, kí o wá yan olóòtú tó bá wù ọ́.